Ẹ̀san Ilé Ọmọ Ìyá Mi

Ìyá mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí Dókítà Shrirang Lohokare yọ ilé ọmọ rẹ̀ jù nù. Inú rírun ló gbé e débẹ̀. Inú rírun, àti omi tó ń dà lára rẹ̀ tó sì ń rùn. Lónìí, bí obìnrin bá gbé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wọ yàrá mi, oògùn ọ̀sẹ̀ kan ni màá kọ fún un, màá ní kí ọkọ rẹ̀ náà wá gba tirẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n Lohokare gbé ẹ̀rọ tútù kan lé ìyá mi níkùn, ó nàka sí òjìji dúdú kan lójú ẹ̀rọ, ó ní, "Ṣé o rí nǹkan yìí? Jẹjẹrẹ ni yóò dà. Bí a ò bá yọ ọ́, ìgbéyàwó ọmọ rẹ ò ní ṣojú rẹ."

Èmi ni ọmọ náà. Mo wà níbẹ̀, mo di etí aṣọ sáárì tí ìyá mi ró mọ́ra mú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, àbúrò mi Namdev sì wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ń lá ìka rẹ̀.

Kalindi Dhakne lorúkọ mi. Oko ìrèké ni wọ́n fi ń jẹun lábúlé wa. Bí òjò bá ti dá, tí ọdún Diwali bá ti kọjá, ọ̀gá tó ń kó lébìrà, tí à ń pè ní mukadam, á gbé katakata wá, á kó àwọn òbí wa lọ sí oko jíjìn, ó di ìgbà tí ooru bá mú kí wọ́n tó padà. Tọkọtaya ló ń gbà. Ọkọ á gé ìrèké, aya á dì í, á rù ú. Ọjọ́ tí aya bá ń ṣe nǹkan oṣù tí kò lè dìde, ọjọ́ èébú ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti ṣẹ̀ wá tó ń ti ẹnu dé ẹnu: obìnrin tó ti bímọ méjì, kí ló tún fẹ́ fi ilé ọmọ ṣe? Àwọn mukadam ló ń sọ ọ́, àwọn ọkọ ló ń gbọ́, Dókítà Lohokare ló mú ọ̀bẹ dání.

Kì í ṣe ilé ọmọ nìkan ló yọ. Ó yọ ibi tí ẹyin ń gbé lọ́tùn-ún lósì mọ́ ọn, bí ìgbà tí ọlọ́jà bá fi èènì lé ọjà. Kò pẹ́ tí ooru àìnídìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìyá mi nínú òtútù, tí eegun rẹ̀ ń ro ó. Kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti ń fọwọ́ ti ìbàdí rìn bí ìyá àgbà. Ibà gbé Namdev lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún iṣẹ́ abẹ náà. Ìyá bàbá mi wá sọ ìyá mi di igi gbígbẹ, ó ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn aládùúgbò. Bàbá mi á jókòó síbẹ̀, á máa fi àtàǹpàkò ra tábà ní àtẹ́lẹwọ́.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn kí dókítà máa sọ pé àánú ló mú òun kọ́ iṣẹ́ náà. Kì í ṣe àánú ló mú mi kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ kí n lè mọ ibi tí ara dókítà ti rọ̀.

Mo kàwé bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Nílé ẹ̀kọ́ tí ìjọba kọ́ fún ọmọ àwọn agé-ìrèké, nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà ní ìlú ńlá, ojú Lohokare ni mo máa ń rí bí oorun bá fẹ́ gbé mi. Nígbà tó di pé kí kálukú mú ẹ̀ka tó fẹ́, mo mú ìtọ́jú obìnrin. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí Mumbai, mo padà sí Kasarwadi, ìlú tó wà létí abúlé wa, mo gba yàrá méjì lójú títì kan náà tí ilé ìwòsàn Lohokare wà. N ò fẹ́ kí òórùn rẹ̀ jìnnà sí mi.

Ó ti di àgbà nígbà náà. Irun rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ dùn bí ìrèké fúnra rẹ̀, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn dókítà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n ìlú wa, lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní "Kí Ni Dókítà Rí Sí I?" Níbẹ̀ ni àwọn dókítà ti máa ń sọ èrò wọn lórí ohun tó ń lọ nínú ìṣègùn: àwọn ayédèrú dókítà, oògùn tí àwọn èèyàn ń gbé mì bí ẹ̀pà, àrùn tuntun. Bí ohùn Lohokare bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi á dìde, á lọ máa fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kí n tó dé, àwọn obìnrin kan ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ àwọn dókítà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n ní àwọn obìnrin náà ló tẹ̀ka sí ìwé, pé wọ́n gbà á. Ẹjọ́ tán. Mo kọ́gbọ́n níbẹ̀: a kì í bá ọ̀nì jà nínú odò.

Nítorí náà mo rẹ́rìn-ín. Mo ń kúnlẹ̀ kí i. Mo ń pè é ní ọ̀gá mi. Mo ń gbé àpò rẹ̀ bí a bá ń lọ sí ìpàdé, mo sì ń jẹ́ kó gbé ọwọ́ lé mi lórí súre fún mi.

"Ọmọ agé-ìrèké tó di dókítà!" Bó ṣe máa ń fi mí han àwọn àlejò nìyẹn. "Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ mi ni."

Ẹnì kan ṣoṣo ló fura. Dókítà Farukh Inamdar, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọmọdé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń mu tíì láìfi ṣúgà sí i. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kalindi, ẹ̀rín rẹ ń pọ̀ jù. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, eyín ló ń pọ́n."

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣe, sà," ni mo dá a lóhùn. "Gbogbo yín lẹ mọ̀."

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "A mọ̀. Nígbà tí mo gbé e dé ìpàdé, wọ́n ní dókítà kì í jẹ ẹran dókítà."

"Ẹran ìyá mi ńkọ́? Ta ló jẹ ẹ́?"

Ó kàn gbójú sílẹ̀.

Ọjọ́ Àwọn Dókítà ti ọdún yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọ́n fẹ́ ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n náà ní gbọ̀ngàn ìlú, níwájú èrò, kó máa lọ sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Lohokare fúnra rẹ̀ ló ní kí n wá jókòó pẹ̀lú òun àti Inamdar. "Ó yẹ ká rí ọ̀dọ́bìnrin níbẹ̀," ló wí. "Má bẹ̀rù. Bí ọ̀rọ̀ bá há ọ lọ́fun, màá gbà á sọ."

Mo lọ sábúlé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ìyá mi ń fẹ́ ọkà bàbà nínú àtẹ. Mo jókòó tì í, mo ro gbogbo ètekéte mi fún un.

Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. "Bó o bá dójú tì í tán, ṣé yóò rán ilé ọmọ mi padà síbi tó wà?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé Namdev yóò jí?"

"Rárá."

"Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe nígbà náà?"

"Èmi ni mo fẹ́ fi í ṣe nǹkan, Màmá. Bí mo bá ń rí i tó ń súre fún mi, inú mi máa ń ru bí ìkòkò ìrèsì. N ò lè máa gbé e kiri títí dọjọ́ ikú."

Ó fẹ́ ìyàngbò kúrò nínú ọkà. "Oníṣẹ́ abẹ tó yọ ilé ọmọ mi yẹn, kò wo ojú mi rí. Ikùn mi nìkan ló mọ̀." Ó gbé àtẹ kalẹ̀. "Bó o bá máa ṣe é, má ṣe é ní àbọ̀. Èmi fúnra mi máa kó àwọn obìnrin wá. Àwọn wo ni wọn ò ní wá? Ìgbà wo ni wọ́n ti ń retí ẹni tó máa pè wọ́n?"

Wọ́n wá lóòótọ́. Láti abúlé wa, láti abúlé tó tẹ̀ lé e, nínú sáárì tí wọ́n fi ń lọ sóko, tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bíi ti obìnrin tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń darí èrò rò pé wọ́n wá gba oògùn ọ̀fẹ́ ni.

Tejaswini, olóòtú ètò náà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀: àwọn ẹbí aláìsàn tó ń lu dókítà. Lohokare ní kí ìjọba fi ọlọ́pàá sí gbogbo ilé ìwòsàn, kí wọ́n ju ẹni tó bá gbọ́wọ́ sókè sí dókítà sẹ́wọ̀n láìsí béèlì. Èrò pàtẹ́wọ́.

Inamdar ní, "Wọ́n ti lu èmi náà rí. Ọmọ wọn kú lọ́wọ́ mi. Mo rò ó títí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò gbà wá gbọ́ mọ́ ni. Ká tó pe ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ohun tá a ṣe fún wọn."

"Inamdar ọkàn rírọ̀!" Lohokare fọwọ́ gbá a léjìká, gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Tejaswini béèrè bóyá kọ̀ǹpútà máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà, nítorí ẹ̀rọ ti ń ka àwòrán inú ara báyìí, wọ́n ní ó sàn ju ojú èèyàn lọ. Lohokare mi orí. "Ẹ̀rọ lè rí egbò. Kò lè rí ẹ̀dá. Àánú ni iṣẹ́ dókítà, ẹ̀rọ ò sì ní àánú." Àtẹ́wọ́ yẹn ni mo pa jù. Àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ọ̀rọ̀ tí mo ń dúró dè. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan ń jà ràn-ìn nílẹ̀," Tejaswini wí. "Pàápàá lára àwọn obìnrin. Dókítà Kalindi, kí ni èrò yín?"

Mo tẹ orí ba. "Ọmọdé ni mí níwájú ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Sà, bí dókítà kan bá yọ ilé ọmọ obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, láìṣe àyẹ̀wò kankan ju kó fi àwòrán dẹ́rù bà á, irú èèyàn wo ni?"

Ó jókòó dáadáa. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn, kí a bi í léèrè níwájú kámẹ́rà. Àwọn ayédèrú dókítà tó máa ń bá jà ló wà lọ́kàn rẹ̀. "Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dókítà," ló wí. "Alápatà ni."

"Kí ló yẹ ká ṣe fún un, sà?"

"Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa."

"Bó bá jẹ́ àgbà ńkọ́? Tó ti ṣe oore fún ìlú?"

"Àgbà tó bá ṣe irú ẹ̀ ló burú jù. Ewú orí kì í ṣe àwíjàre."

"Bó bá wá sọ pé àwọn obìnrin náà ló gbà, pé wọ́n tẹ̀ka ńkọ́?"

Mo rí i tó wò mí. Ṣùgbọ́n èrò ti ń retí, iná pupa kámẹ́rà sì wà lójú rẹ̀. "Obìnrin tí ẹ̀rù ń bà," ló wí, ohùn rẹ̀ ti dínkù, "ibi tí o bá ní kó tẹ̀ka sí ni yóò tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹni tó dẹ́rù bà á ló jẹ̀bi."

"Ẹ ṣeun, sà. Gbogbo ìlú ti gbọ́." Mo yíjú sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Màmá, ẹ dìde."

Ìyá mi dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, odidi ìlà dìde. Lẹ́yìn náà ìlà kejì, ìlà kẹta. Kò sẹ́ni tó pariwo.

"Ansabai Dhakne," ìyá mi wí. "Mi ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Dókítà Lohokare ló yọ tèmi."

"Gayabai. Ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ ni mí nígbà yẹn. Lohokare ni."

"Èmi náà, Lohokare ni. Ó ní jẹjẹrẹ ni."

"Lohokare."

"Lohokare."

Ẹ̀rín ni Lohokare kọ́kọ́ fi í ṣe. "Kí lèyí? Ta ló kó àwọn wọ̀nyí wá? Mo ti tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nílùú yìí, mi ò mọ ìkankan nínú wọn!" Tejaswini ń juwọ́ sí ẹni tó di kámẹ́rà mú pé kó pa á. Ẹni náà ò rí i, tàbí ó ṣe bí ẹni tí ò rí i.

"Ẹ̀yin lẹ dájọ́ náà, sà," ni mo wí. "Kò tíì tutù lẹ́nu yín. Alápatà, lẹ pè é. Ẹ ní ewú kì í ṣe àwíjàre."

Ó yíjú sí mi. Mi ò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nàka sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Èmi nìkan lẹ rí? Ta ló mú yín wá bá mi? Ṣé èmi ni mo wá yín wá sínú oko ìrèké? Ẹ bi àwọn ọkọ yín! Wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, wọ́n bẹ̀ mí! 'Dókítà, ẹ yọ ọ́ fún mi, mukadam ò ní gbà wá mọ́.' Ẹ bi wọ́n!"

Mo ti mọ̀ pé ó máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti tọ́jú èsì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń bọ̀ láàárín àga, ó fọwọ́ ti ìbàdí, àwọn èèyàn ń yà fún un. Ó gun orí pèpéle. Ó dúró síwájú Lohokare tó fi jẹ́ pé ọkùnrin náà ò ríbi gbójú sí àfi ojú rẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ, Shrirang," ló wí.

Ẹnìkan mí kanlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó ń pe dókítà lórúkọ bẹ́ẹ̀, obìnrin agé-ìrèké kọ́ ló máa kọ́kọ́ pè é.

"Òótọ́ ni. Ọkọ mi ló mú mi wá. Dagdu lorúkọ rẹ̀. Dagdu Dhakne."

Obìnrin ilẹ̀ wa kì í pe ọkọ lórúkọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, "Bàbá Kalindi" ni ìyá mi ń pè é, àní bó bá ń bínú. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mi ò sì mọ ohun tó ń sọ. Ohun tí wọ́n sọ fún mi láti kékeré ni pé inú rírun ló gbé e lọ, pé òun fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ, n ò sì rí bàbá mi ní yàrá dókítà lọ́jọ́ náà.

"Baliram mukadam ló rán an," ìyá mi ń bá a lọ, kò gbóhùn sókè. "Dagdu ló fà mí lé ọ lọ́wọ́. Ìwọ lo gé mi. Ẹ̀yin mẹ́ta ni. Mi ò sì pín ẹ̀bi náà sí mẹ́ta o. Odidi ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín."

Gayabai ló gbà á lẹ́nu rẹ̀ látẹ̀yìn. "Uttam! Uttam ló mú èmi wá!"

"Kisan!"

"Ọkọ tèmi jókòó síbẹ̀ yẹn! Raosaheb, dìde kí wọ́n rí ọ!"

"Pa ẹnu mọ́!" ọkùnrin kan kígbe láàárín èrò.

"Raosaheb!" ìyàwó rẹ̀ tún pè é, ó fà á gùn bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé. "Raosaheeeb!"

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn ọkùnrin ń wá ilẹ̀kùn. Lohokare jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fi ìka gbọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà láyà rẹ̀, kò rí i yọ. Ọ̀bẹ kan ni mo pọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, fún ọrùn kan. Ìyá mi kó ọrùn wá ju ohun tí mo rò lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti bàbá mi.

Nígbà tá a délé, bàbá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíì lábúlé ló ti wo tẹlifíṣọ̀n, òun àti gbogbo ọkùnrin ìyókù.

"O pe orúkọ mi," ló wí fún ìyá mi.

"Mo pè é. Ṣé kì í ṣe orúkọ rẹ ni?" Ìyá mi kọjá lára rẹ̀, ó wọlé.

Mo dúró síwájú rẹ̀. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

Ó ń fi àtàǹpàkò ra tábà. "Mukadam ní òun ò ní kó wa mọ́ bí ìyá rẹ bá tún sùn sílé. Dókítà ní kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, Kalindi. Ta ni mí tí màá bá dókítà jiyàn?"

"Nígbà tí ìyá yín ń pe Màmá ní igi gbígbẹ ńkọ́?"

Mo fẹ́ kó sunkún. Kò sunkún. Mo wọlé tọ ìyá mi lọ, mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́ fún mi?"

Ó ń tú ẹsẹ̀ sáárì rẹ̀. "Bó o bá ti mọ̀, orí bàbá rẹ lò bá da gbogbo rẹ̀ lé. Wàá jókòó sínú ilé yìí, wàá máa bá a jà, o ò ní kàwé. Ọ̀tá tó jìnnà ni mo fún ọ, kó lè gbé ọ dé ibi tó jìnnà. Ti Dagdu, èmi ni mo ni ín. Ìwọ ti gba tìrẹ."

Mo gba tèmi lóòótọ́. Ohun tí Lohokare sọ lẹ́nu ara rẹ̀ ń lọ láti fóònù dé fóònù ní gbogbo ìpínlẹ̀: alápatà ni, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ìgbìmọ̀ tó ti lé àwọn obìnrin jáde tẹ́lẹ̀ yára pè wọ́n padà, torí kámẹ́rà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn báyìí. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan aláìsàn títí ẹjọ́ á fi parí. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ pátákó orúkọ rẹ̀, mo kúrò níbi iṣẹ́, mo ra tíì, mo dúró lódìkejì títì, mo ń mu ún díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi fà á wólẹ̀. Mi ò mu tíì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dùn. Wọ́n lu Gayabai nílé. Ọkọ méjì lé aya wọn lọ sílé bàbá wọn. Baliram mukadam kò sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá rárá. Nígbà tí àkókò ìrèké tún dé, katakata rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé abúlé wa, àwọn èèyàn sì gùn ún. Àwọn dókítà ìlú ò kí mi mọ́. Inamdar nìkan ló wá, ó gbé ife tíì rẹ̀ dání, ó bi mí, "Ó ti tó bí?"

"Kò tíì tó, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kan tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, Lohokare wá sí yàrá mi. Mo ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń dúró. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wọlé kó tó wọlé. Àwọn kan nínú wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi dá bẹ́ǹṣì jókòó. Nígbà tó kàn án, aago ọ̀sán ti lù, mo ń jẹun. Mi ò gbé oúnjẹ kúrò.

"Kí ló ń ṣe yín?" mo bi í, bí mo ṣe ń bi gbogbo aláìsàn.

"Kalindi." Ohùn dídùn yẹn ti ha. "Ẹ̀rí rẹ ló kù kí wọ́n fi já okùn mi pátápátá. Mo bẹ̀ ọ́. Mo tọ́ ọ bí ọmọ."

"Ẹ tọ́ mi bí ọmọ? Ọ̀nà tí àbúrò mìíràn ì bá gbà wá sáyé, ẹ̀yin lẹ dí i."

"Nígbà yẹn, gbogbo wa la ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni. A rò pé oore là ń ṣe fún wọn."

"Ẹ máa sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Pé gbogbo yín ni. Ẹ dárúkọ wọn."

Ó gbọn orí. "Wọn ò ní dárí jì mí."

"Èmi náà ò ní dárí jì yín. Ẹ yan ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó bínú sí yín."

Ó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà ó yíjú padà. "Ìwọ náà mú ọ̀bẹ dání. Lọ́jọ́ kan wàá ṣì í gé. Ọmọ ẹnìkan á dúró síbẹ̀, á máa wò ọ́."

Mo sọ fún un pé kó pe ẹni tó kàn wọlé. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ oúnjẹ yẹn tán, bẹ́ẹ̀ ni láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ gbé aláìsàn lọ sórí tábìlì, mo máa ń wo bóyá ọmọ kan wà nítòsí. Mo jẹ́rìí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ti bàbá mi, ìyá mi ò lé e, kò bú u, kò sì dáná fún un mọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn gbẹ̀yìn, bàbá mi ló wà nídìí ààrò. Ó ń gbìyànjú láti pa bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí à ń jẹ lójoojúmọ́, fún ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Èyí tó tẹ́ sórí agbada ti ya sí méjì, etí rẹ̀ ti ń jó, ó sì ń fi ìka yí i padà, ó ń fẹ́ ìka lẹ́nu. Ìyá mi jókòó sórí ibùsùn nínú òòrùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wò ó.

Èéfín ń gba inú ilé kan. Mo dìde kí n lọ bá a fa igi jáde.

"Jókòó," ìyá mi wí.

"Màmá, ó ń jó."

"Mo rí i. Jókòó."

Mo jókòó.